Ìgbín tí kò ní karahun: ìgbín náà ni, àbí aràn?

Ìyá Onígbìn, Òfà, ló béèrè:

Ọmọ mi tó wà ní SS2 gbé ìwé wálé lánàá. Tíṣà wọn ní ìgbín kan wà nínú òkun tó ń gbé inú ikùn ẹran mìíràn. Ó ní kò ní karahun, kò lójú, kò lẹ́nu, kò ní ìfun, gbọọrọ báyìí ló rí bí okùn. Mo ní kí ọmọ pa á rẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sin ìgbín tí mo sì ń tà á. Èmi ni mò ń yọ ọ́ nínú karahun, mo mọ ibi tí ìfun rẹ̀ lọ́ sí. Ohun tó bá gùn bí okùn tó sì ń gbé ikùn ẹlòmíì, aràn là ń pè é nílé wa. Ọmọ ní tíṣà òun ò lè purọ́, bàbá rẹ̀ ní kí n má dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ta ló jàre nínú èmi àti tíṣà?

* * *

Tíṣà ló jàre, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tún un kọ síbi tó ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ẹran yìí tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ni ní Jámánì, òun pàápàá kò mọ ohun tí òun rí. Màá padà síbẹ̀. Tíṣà báọ́lọ́jì ni èmi náà níbí ní Ìlọrin, ọmọ Ìgbàjà ni mí, mo sì ní ìgbín mélòó kan nínú táyà lẹ́yìnkùlé mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kàn mí lọ́nà méjì.

Onílé ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Ẹran kan wà nísàlẹ̀ òkun tí òyìnbó ń pè ní sea cucumber, torí pé ó rí bí kùkúńbà tí wọ́n ń kó jọ nínú abọ́ ní Ọjà Tuntun: ó gùn, ó rọ̀, awọ ọ̀pọ̀ nínú wọn rí háráhárá. Kùkúńbà òkun ni màá máa pè é. Ẹran ni o, kì í ṣe ewéko. Mọ̀lẹ́bí ẹran òkun tó rí bí ìràwọ̀ ni. Kò ní ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ mì, wọ́n á jẹ ohun tó ṣeé jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì yà èyí tó kù dànù. Ihò ìdí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń fa omi sínú láti mí. Bí ọ̀tá bá ká wọn mọ́, àwọn kan á pọ ìfun ara wọn síta, wọ́n á rọra wọ́ lọ, ìfun tuntun á sì hù fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ará China ń sá a gbẹ, owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á.

Inú ẹran yìí ni ìgbín tí a ń sọ ń gbé. Oríṣi rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Entoconcha wà, Enteroxenos wà, Thyonicola wà, Parenteroxenos náà wà. Bí ẹ bá la kùkúńbà òkun tó ní Enteroxenos, ẹ máa rí ohun kan tó rọ̀, tó gùn, tó dùbúlẹ̀ sáàárín ìfun àti awọ inú. Ẹ tú u yẹ̀wò títí, ẹ ò ní rí orí, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ tí ìgbín fi ń wọ́, ẹ ò ní rí ọkàn tó ń lù. Omi ara onílé ló ń fi awọ ara rẹ̀ fà mu. Ohun kan ṣoṣo tó kún inú rẹ̀ ni ẹyin.

Ibi ẹyin yìí gan-an ni ẹjọ́ náà wà, Màmá. Ẹ mú ọmọ tó ti fẹ́ẹ̀ pa nínú ẹyin náà, ẹ gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Karahun wà lẹ́yìn rẹ̀. Karahun kékeré, tó lọ́ bí ti òkòtó, tó sì ní ìdérí tí ọmọ náà fi ń tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣáwùrú ṣe ń ṣe. Ẹ ti tú ìfun ewúrẹ́ rí, ẹ ti tú ti àgùntàn. Aràn wo lẹ rí tó bí ọmọ tòun ti karahun?

* * *

Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Bàbá Àgbẹ̀, Ìṣánlú-Ìsìn, kọ̀wé sí mi pé: "Àwọn àgbà ti parí ẹjọ́ yìí kí wọ́n tó bí tíṣà. Bí ìgbín bá fà, karahun a tẹ̀lé e. Èyí tí karahun ò bá tẹ̀lé, kì í ṣe ìgbín."

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ mú wá. Ohun tí àwọn àgbà rí ni wọ́n fi pa á lówe, ìgbín inú igbó wa ni wọ́n sì rí. Òun kò lè bọ́ karahun sílẹ̀ kó yè. Ìgbín inú òkun yìí náà gbé karahun rìn nígbà èwe rẹ̀, tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, tí kò tíì rí onílé. Ọjọ́ tó bá ráyè wọ ara onílé, ọjọ́ náà ló bọ́ ọ sílẹ̀. Kí ló tún fẹ́ fi í ṣe? Ẹyẹ ò lè rí i níbẹ̀, oòrùn ò lè pa á.

Ẹ sì rántí ìgbín kékeré tó máa ń jáde lábẹ́ búlọ́ọ̀kù tútù lásìkò òjò, tí kò gbé ohunkóhun lẹ́yìn, tó ń fi itọ́ yọ̀ lára ògiri. Ìgbín ni òun náà. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi nípa rẹ̀ tí màá sọ kí n tó dákẹ́.

* * *

Bàbá Àgbẹ̀ tún padà wá, ìbéèrè tó mú bọ̀ sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Tí ọmọ inú okùn bá jẹ́ ìgbín, tí okùn náà sì so mọ́ ara kùkúńbà òkun, a jẹ́ pé kùkúńbà òkun ló lóyún ìgbín."

Bàbá, ẹ ò tíì ka ìwé Johannes Müller, ẹ sì ti dé ibi tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Berlin, ọ̀pọ̀ dókítà àti onímọ̀ tó lókìkí ní Jámánì nígbà náà ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 1851 ó wà ní Trieste, ìlú etíkun tó bọ́ sí Ítálì lónìí, ó ń la irú kùkúńbà òkun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Synapta nígbà yẹn. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn, ó bá okùn kan tó ní ihò nínú. Ìdí okùn náà kan wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìfun ẹran náà, ó so mọ́ ọn típẹ́típẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù. Ó wo inú okùn, ó bá ọmọ ìgbín wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tòun ti karahun àti ìdérí.

Kí lẹ̀yin ì bá sọ? Bí mo bá la ewúrẹ́ ní Ìpàtá, tí mo bá àpò kan tó so mọ́ ilé ọmọ, tí ọmọ adìyẹ wà nínú rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ewúrẹ́ yìí ló fẹ́ bí adìyẹ. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní 1842, ọmọ Denmark kan tó ń jẹ́ Steenstrup ti tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé àwọn ẹran omi kan wà tí ọmọ wọn kì í jọ wọ́n, pé ọmọ-ọmọ ló ń padà jọ ìyá àgbà. Nítorí náà, Müller ní ìdí láti máa rò ó bóyá kùkúńbà òkun lè bí ìgbín lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú gidigidi. Ẹ wo bí yóò ti rí: bí irú ẹran kan bá lè bí irú mìíràn pátápátá, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀dá ni wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1852 ó tẹ ìwé jáde lórí bí ìgbín ṣe ń tinú kùkúńbà òkun wá. Ó gbé èrò méjèèjì yẹ̀wò, bóyá kùkúńbà òkun ló bí ìgbín àbí ìgbín ló wá wọ inú rẹ̀, ó sì sọ ọmọ ìgbín náà ní Entoconcha mirabilis. Ẹ lè pè é ní karahun inú, oníyanu.

Ní 1864, lẹ́yìn tí Müller ti kú, Albert Baur tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde lórí Synapta kan náà, ó sì fi hàn pé ẹran ọ̀tọ̀ ni okùn náà, ìyá àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni, tó wá wọ ara onílé, tó sì ń fi ibi tó so mọ́ yẹn jẹun.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé Müller kò sọ ohun tó rí nù torí kò bá ohun tó mọ̀ mu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i, ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, ẹlòmíì sì ráyè túnṣe.

* * *

Ọmọ fásítì kan níbí ní Ìlọrin sọ pé òun mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwà ọ̀lẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ń jẹun ọ̀fẹ́ nílé onílé, ara rẹ̀ á kú díẹ̀díẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló gbè é lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn mú òwe àfòmọ́ wá: àfòmọ́ ò lẹ́gbò, igi gbogbo ló bá tan.

Àbúrò, mi ò gbà. Òwe yẹn dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbín yìí yàtọ̀. Àfòmọ́ tó wà lórí igi orógbó ní oko bàbá mi náà wà lórí kòkó, ó wà lórí ọsàn, ó wà lórí igi emi, ẹyẹ sì ni ń gbé èso rẹ̀ kiri. Ìgbín òkun yìí kò bá gbogbo igi tan. Ìwọ̀nba irú kùkúńbà òkun díẹ̀ ni oríṣi kọ̀ọ̀kan lè gbé inú rẹ̀. Ẹ ro bí òkun ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ tí kò tó ẹyọ iyanrìn kan jáde sínú omi náà. Bó bá jẹ́ Enteroxenos, kùkúńbà òkun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ gbé e mì, ó sì gbọ́dọ̀ la ara ọ̀nà ọ̀fun onílé kọjá kó tó lè dàgbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń ṣègbé sínú omi. Ìdí nìyẹn tí ìyá kò fi ní nǹkan mìíràn nínú ju ẹyin lọ. Gbogbo ohun tó ì bá fi mọ karahun, tó ì bá fi mọ ojú àti ìfun, ẹyin ló fi ń ṣe. Màmá tó ta ilẹ̀, tó ta aṣọ òkè, kí ọmọ lè relé ìwé, ṣé ọ̀lẹ là ń pè é?

Ó sì dájú pé ọjọ́ kan kọ́ ló bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A lè rí i lára àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Ìdílé Eulimidae ni wọ́n ń pè wọ́n, ara àwọn ẹran bí kùkúńbà òkun àti ẹran oníràwọ̀ ni wọ́n sì ti ń rí oúnjẹ. Melanella ní karahun funfun tó ń dán, tó sì ṣóńṣó lórí. Òun ṣì ń rìn kiri, bó bá débi kùkúńbà òkun, á ki ẹnu gígùn bọ awọ rẹ̀, á fa omi ara rẹ̀ mu bí ẹ̀fọn. Thyca ti jókòó tì. Ara ẹran oníràwọ̀ aláwọ̀ búlúù kan ló ń lẹ̀ mọ́, karahun rẹ̀ bò ó lórí bí fìlà. Stilifer ti wọnú awọ onílé lọ, awọ náà wú yí i ká, ihò kékeré ló kù tó fi kan omi òde, ṣùgbọ́n karahun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí mò ń sọ, tó wọlé pátápátá. Ẹni tó bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì kan kò ní béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ bí ìgbín ṣe di okùn.

* * *

Ìyá Onígbìn padà wá. Inú mi dùn sí ohun tó kọ, torí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: "Mo ti gbọ́ ti karahun ọmọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló gun un nínú ikùn ẹran? Ìgbín tèmi, gbogbo wọn ló jẹ́ akọ, gbogbo wọn ló jẹ́ abo, síbẹ̀ méjì ni mo máa ń kó pọ̀ kí wọ́n tó yé. Èyí tó dá wà nínú òkùnkùn ńkọ́?"

Màmá, ìbéèrè yìí gbà tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kí ó tó ní èsì. Ní 1902, obìnrin kan ní Norway, Kristine Bonnevie, kọ̀wé lórí Enteroxenos tó rí nínú kùkúńbà òkun tó wà lọ́dọ̀ wọn. Onímọ̀ gidi ni. Ní 1912, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Norway. Nínú okùn náà, ó rí ibi tí ẹyin wà, ó sì rí ohun mìíràn tó ń mú àtọ̀ jáde. Ohun tí ẹ̀yin náà ì bá sọ ló sọ: akọ àti abo ni, nínú ara kan náà, bí ìgbín inú táyà wa. Ó bọ́gbọ́n mu, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní 1968, Jørgen Lützen, ọmọ Denmark, wá sọ pé rárá. Ohun tó ń mú àtọ̀ jáde yẹn kì í ṣe ẹ̀yà ara abo náà. Ọkọ rẹ̀ ni. Abo ti kọ́kọ́ wọlé, ó ti ń dàgbà lára ọ̀nà ọ̀fun onílé. Àwọn ọmọ mìíràn tí onílé gbé mì lẹ́yìn náà tọ ọ̀nà tóóró kan wọ inú abo lọ, wọ́n bọ́ karahun, wọ́n sọ ohun gbogbo nù, títí ó fi ku ohun tó ń mú àtọ̀ jáde nìkan. Ẹ̀mí ọ̀tọ̀ ni, ó wá rí bí ẹ̀yà ara aya rẹ̀. Bonnevie rí i, ó yà á, ó sì yà á dáadáa. Kò kàn mọ̀ pé ẹni méjì lòun ń wò ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, sòbìà, aràn tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ọmọ wa ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n, a dúpẹ́. Mo wà ní kékeré nígbà tó mú ìyá àgbà mi lẹ́sẹ̀ ní abúlé kan nítòsí Ìgbàjà. Omi odò tí a ń pọn ló bá wọlé. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí ènìyàn bá mu ún ni ẹsẹ̀ á wú, á roro, á lu, orí rẹ̀ á sì yọ. Wọ́n a máa fi igi ìgbálẹ̀ ká a, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, torí bó bá já sínú, ọ̀ràn dé. Mo jókòó ti ìyá àgbà lójoojúmọ́ ká lè jọ wo ibi tó ká a dé. Sòbìà tó ń yọ yẹn, abo ni. Ó lè gùn tó mítà kan, ọmọ ló sì kún inú rẹ̀. Akọ rẹ̀ kéré gan-an, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré, inú ara ènìyàn ló ń kú sí lẹ́yìn tó bá ti gun abo, kò sẹ́ni tó ń rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí ní ọdún 2013 pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa. Ìyá àgbà mi kò bá a.

Sòbìà kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ìgbín rárá, aràn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilé ayé inú ikùn ṣe sọ àwọn méjèèjì di ohun kan náà: abo gígùn tó kún fún ọmọ, akọ tíntín tí ojú kò tó. Parenteroxenos, tó ń gbé inú kùkúńbà òkun kan ní òkun tó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Japan, a máa gùn ju mítà kan lọ, ó sì ká ara rẹ̀ jọ sínú onílé tí kò gùn tó o. Nítorí náà, Màmá, ojú yín kò tàn yín jẹ nígbà tí ẹ pè é ní aràn. Ìrísí aràn ló ní lóòótọ́.

* * *

Mẹ́ta nínú àwọn tó kọ̀wé fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ lè wà nínú ìgbín tí à ń jẹ. Oníbàárà Ìyá Onígbìn kan tilẹ̀ ti fi ìgbín tó fẹ́ rà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn sì dùn mí.

Kò sí níbẹ̀. Ìgbín yìí kò lè gbé lórí ilẹ̀, kò lè gbé inú odò Asa tàbí odò Ọyún, kò sì sí kùkúńbà òkun kankan ní gbogbo Kwara. Ẹ ra ìgbín Màmá.

Aràn mìíràn wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Ìgbín ilẹ̀ lè gbé aràn kékeré kan tó jẹ́ ti eku, tó ń gbé ẹ̀dọ̀fóró eku, tó sì lè wọ orí ènìyàn tó bá jẹ ìgbín ní tútù tàbí tí kò jinná. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ̀ ọ́, itọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mú kúrò, wọn kì í pa aràn. Iná ló ń pa á. Ibí yìí ni èmi àti Bàbá Àgbẹ̀ ti fẹ́ jà, torí ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ ń pa ohun gbogbo. Bàbá, kì í pa á. Ẹ fi iná sí i.

Bàbá kan náà béèrè àtọ̀sí ajá, bóyá ìgbín ló ń fà á. Ìgbín omi kékeré kan ló ń tọ́ aràn náà dàgbà, kí ó tó jáde sínú odò láti wọ awọ ara ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́. Níbẹ̀, ìgbín ló jẹ́ onílé, aràn ni àlejò. Nínú òkun, ìgbín fúnra rẹ̀ ló wá di àlejò. Ohun tó kan ẹ̀yin òbí ni pé bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi agbo dá a dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

Arákùnrin kan láti Pàkàtà sọ pé ilé àwọn kì í jẹ ìgbín nítorí ẹ̀sìn. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣòwò ní China jẹ kùkúńbà òkun lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń bẹ̀rù pé ìgbín ti bá a wọlé. Ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, àwọn àlùfáà ni kó bi. Èyí tí mo lè sọ ni pé wọ́n máa ń la kùkúńbà òkun, wọ́n á kó gbogbo inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tó sè é tí wọ́n á sì sá a. Inú yẹn ni ìgbín náà ń gbé.

* * *

Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Ó tó bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo fi ìbéèrè kan sínú ìdánwò SS1: "Kí ni a fi ń mọ ìgbín?" Èsì tí mo fẹ́ ni karahun. Ọmọ kan kọ ọ́ pé karahun nìkan kò tó, pé òun mọ ìgbín kan nílé àwọn tí kò ní in. Mo fi bírò pupa fàlà sí i. Lọ́jọ́ kejì ó gbé agolo mílíìkì wá, ó fi ewé bo orí rẹ̀, ìgbín abẹ́ búlọ́ọ̀kù tí mo sọ lókè yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ìgbín náà na ìwo rẹ̀ méjì jáde, ojú wà lórí wọn, ó ń wò mí. Mo sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé aràn ni, mo ní kó lọ dà á nù. Ó lọ dà á nù.

Nígbà tó yá ni mo kà nípa rẹ̀, tí mo mọ̀ pé ọmọ náà ló jàre. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Ìdí rèé tí mo fi dáhùn yín kíákíá, Màmá, nígbà tí mo rí i pé ẹ ní kí ọmọ yín pa á rẹ́. Èmi tí mo kàwé ló ṣe irú rẹ̀, ìgbín náà sì wà lójú mi kòrókòró.

* * *

Ìyá Onígbìn, Òfà:

Ọmọ ti tún un kọ. Mo jókòó tì í, ó ṣàlàyé ti karahun ọmọ fún mi, mo ṣàlàyé bí ìgbín ṣe ń yé fún òun náà. Bàbá rẹ̀ bá wa níbẹ̀. Ó ní kí n béèrè ohun kan péré sí i: báwo ni àwọn ọmọ yẹn ṣe ń jáde, nígbà tí ìyá wọn kò ní ọ̀nà òde?

* * *

Ẹ kí bàbá rẹ̀ fún mi. Ẹ rántí pé kùkúńbà òkun lè pọ ìfun rẹ̀ síta. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó so mọ́ ìfun lè bá a jáde, àpò ẹyin á bọ́ sínú omi, àwọn ọmọ á sì tú ká tòun ti karahun wọn. Onílé á hu ìfun tuntun. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé kiri.

Ìdánwò sáà yìí ku ọ̀sẹ̀ méjì. Alẹ́ àná ni mo mú ìwé ìbéèrè mi, mo pa "Kí ni a fi ń mọ ìgbín?" rẹ́. Èyí ni mo kọ dípò rẹ̀, máàkì márùn-ún ni:

"Ẹran kan gùn bí okùn. Kò ní karahun, kò ní orí, kò ní ìfun, inú ẹran mìíràn ló ń gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní karahun lílọ́ àti ìdérí nígbà tí wọ́n jáde nínú ẹyin. Irú ẹran wo ni? Sọ ìdí rẹ."